Lafta àti Oúnjẹ Tí Kò Gbọdọ̀ Jẹ Lójú Ọ̀nà Karbala

Lafta ti kú lẹ́ẹ̀kan. Ìjọba ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì tíì kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ.

Àwọn òpó iná tó wà lójú ọ̀nà láti Najaf dé Karbala ní nọ́ńbà lára, láti 1 títí dé 1452, àádọ́ta mítà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ara wọn ni wọ́n ń gbé àwòrán àwọn ọmọkùnrin tó kú sójú ogun kọ́ sí, tó fi jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn náà dé òpin rẹ̀, òkú ló ń wo alààyè bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ kí Imaamu Huseni ní ibojì rẹ̀. Ti Lafta wà lára òpó 1131. Ọmọ ogún ọdún ni nínú àwòrán náà. Ó wọ aṣọ ológun tó tóbi jù ú lọ, wọ́n fi òdòdó pupa yí i lórí ká, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé akọni tó fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ nítorí ilẹ̀ baba rẹ̀ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kò gùn. Nígbà tí ogun dé, tí wọ́n ní kí gbogbo ọkùnrin tó bá lè gbé ìbọn jáde wá, Lafta jáde. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn, wọ́n sì gbé e lọ sójú ogun ní Baiji. Ó lo oṣù méje níbẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn ń dín ẹyin lẹ́yìn ògiri kan tó ti wó, ni àdó olóró bá já lù wọ́n. Àwọn mẹ́ta kú. Wọ́n gbé ẹni kẹrin lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ ti kọ mẹ́rin, kò sì fẹ́ kí ìwé òun dọ̀tí. Ọ́fíìsì tó ń tẹ àwòrán òkú yára ju ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́ lọ. Nígbà tí Lafta fi máa fi ọ̀pá méjì tilẹ̀ dé abúlé, ìyá rẹ̀ ti se oúnjẹ ọ̀fọ̀ ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ènìyàn ti jẹ ẹ́ tán, àwòrán sì ti wà lókè.

Ó lọ bá wọn pé kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n ní kó mú ìwé wá tó fi hàn pé kò kú. Ọ́fíìsì tó ń ṣe ìwé bẹ́ẹ̀ ní àwọn kì í ṣe é fún ẹni tí kò kú rí; kó kọ́kọ́ lọ mú ìwé ikú rẹ̀ wá. Lafta padà sílé. Ìyá rẹ̀ ní kó fi àwòrán náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́, pé láti kékeré ni kò ti ya èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Irin kan tó tó hóró ẹ̀wà kù sínú orúnkún rẹ̀ ọ̀tún. Ó gbé e lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń ran àwọn tí ogun ṣe léṣe lọ́wọ́. Ọkùnrin mẹ́ta, ife tíì mẹ́ta, fáànù kan. Ẹni àárín gbé fọ́tò egungun rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó títí.

"Ẹsẹ̀ rẹ ṣì wà."

"Ó wà, ọ̀gá."

"Ohun tó bá sọnù là ń san owó fún. Tìrẹ, kò sí ohun tó sọnù níbẹ̀. Kódà, wọ́n bá ọ fi irin kún un."

Àwọn méjì tó kù rẹ́rìn-ín. Ẹni àárín ti di ọ̀gá ńlá ní Baghdad báyìí.

Iṣẹ́ dàbínù ni iṣẹ́ ilé wọn. Ọ̀pẹ dàbínù mẹ́tàlélógójì ni baba rẹ̀ fi sílẹ̀. Kí ogun tó dé, Lafta a máa gun mẹ́wàá kí oòrùn tó mú, igbà ní ìbàdí, ọbẹ lẹ́nu, orin lọ́kàn. Lẹ́yìn ogun, ìdí ọ̀pẹ ló ń jókòó sí láàárín àwọn obìnrin tó ń ṣa èso, àwọn ẹlòmíràn ló ń bá a gun ọ̀pẹ baba rẹ̀, wọ́n á sì gbé ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. "Akọni," àwọn obìnrin náà á ní, "bá wa gbé agbọ̀n yẹn wá, ṣùgbọ́n rọra, má tún kú mọ́ wa lọ́wọ́." Orúnkún náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í há. Nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù àwọn aláàánú ní Karbala, Nahida lorúkọ rẹ̀, wò ó, ó sì bá a sọ òótọ́: irin náà ń jẹ egungun, bí wọn kò bá yọ ọ́ lọ́dún yìí, orúnkún náà á gan, kò sì ní í tẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò bá tẹ̀ kò lè gun ọ̀pẹ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní àsìkò ìrìn Ogójì Ọjọ́ tí wọ́n fi ń rántí ikú Huseni, Nahida pè é lórí fóònù.

"Dókítà Rafid á dé lọ́la. Ọmọ Basra ni, Jámánì ló ń gbé. Ọdọọdún ló ń wá fẹsẹ̀ rin ìrìn yìí. Tó bá ti dé Karbala, ó máa ń fi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ abẹ lọ́fẹ̀ẹ́, á sì wọ ọkọ̀ òfuurufú lálẹ́ ọjọ́ náà. Mẹ́sàn-án lẹ wà nínú ìwé. Ìwọ lo gbẹ̀yìn."

"Aago mélòó?"

"Méjìlá ọ̀sán. Tó o bá ti jẹun alẹ́ òní, o ò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan mọ́, o ò gbọdọ̀ mu nǹkan kan. Tí hóró ìrẹsì kan bá wà níkùn ẹ, a ò ní fún ẹ lóògùn oorun. Ó lè pa ẹ́."

"Mo ti kú rí."

"Mi ò bá ẹ ṣeré o."

"Wọ́n ti dí ọ̀nà fún ọkọ̀ ńkọ́?"

"Fẹsẹ̀ rìn, ṣebí gbogbo ayé ló ń rìn. Lafta, mo mọ ojú ọ̀nà yẹn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ẹ ní nǹkan kan jẹ."

Ó rọrùn láti sọ. Lójú ọ̀nà yẹn, kò sí ibi tí ènìyàn lè sá sí fún oúnjẹ. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní àgọ́ tirẹ̀ létí títì. Àwọn tí kì í rí ẹran jẹ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù á fi odidi ọdún tọ́jú owó, kí wọ́n lè pa màlúù fún àlejò tí wọn kò mọ̀ rí. Wọn kì í tà á. Wọn kì í sì í dúró kí o yà wọlé. Àárín títì ni wọ́n ń dúró sí, tí wọ́n á na apá sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń da adìẹ wọ ilé. Wọ́n á gba àpò rẹ, wọ́n á fà ọ́ láṣọ, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun á gbé àwo ìrẹsì karí, á kúnlẹ̀ níwájú ọmọ kékeré pé kó ṣàánú òun kó jẹ ẹ́. Bí gbogbo èyí bá kùnà, wọ́n á fi Abbasi bẹ̀ ọ́.

Abbasi ni àbúrò Huseni, akíkanjú tí wọ́n gé lápá méjèèjì nígbà tó lọ pọn omi fún àwọn ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ. Ní ilẹ̀ yìí, ènìyàn lè fi Ọlọ́run búra èké kó sì sùn dáadáa, torí pé aláàánú ni Ọlọ́run. Kò sí ẹni tó ń fi Abbasi búra èké. Ẹni tí wọ́n bá sì ti sọ fún pé "Mo fi Abbasi bẹ̀ ọ́, jẹ ẹ́," ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu onítọ̀hún. Jíjẹ ló kù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́rú, ìyá rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo.

"Ẹyin kan péré ni."

"Màmá, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ jẹun."

"Ẹyin kì í ṣe oúnjẹ. Ìrẹsì ni oúnjẹ."

"Màmá."

"Gbogbo oúnjẹ tí mo sè nígbà ọ̀fọ̀ rẹ, ta ló jẹ ẹ́? Àwọn ẹlòmíràn ni. Ìwọ tó ni òkú, o ò fẹnu kàn án. Ẹyin kan ni mo ní kó o jẹ yìí."

Ó sá mọ́ ọn lọ́wọ́, bí ẹni tó ní ẹsẹ̀ kan àbọ̀ ṣe ń sá.

Ilé wọn kò jìnnà sí òpó 1120. Ó ku òpó ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlélọ́gbọ̀n, ó sì ní wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ láti fi rìn ín. Òpó méjì péré ló rìn. Níbi òpó 1122, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tó ń yan ẹja dí i lọ́nà.

"Àbúrò, yà síbí."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ abẹ ni mò ń lọ ṣe. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ jẹun."

Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò. "Iṣẹ́ abẹ! Ìdí tó fi yẹ kó o jẹun nìyẹn. Oògùn ni oúnjẹ Huseni. Ọdún mẹ́fà ni ìyàwó mi fi wá ọmọ, ìrẹsì ibí yìí ló jẹ."

"Ìbejì ló bí," àbúrò ní.

"Dókítà ló ní kí n má jẹ."

"Dókítà wo nìyẹn? Pè é wá kóun náà wá jẹ."

Ọ̀wọ́ ará Iran kan, tí wọ́n tó ogójì, ló gbà á sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe yọ, àwọn ẹlẹ́ja náà jù ú sílẹ̀, wọ́n sáré lọ bá wọn. Ní òpó 1125, Lafta ní eyín ń dun òun. Wọ́n gbé ọbẹ̀ olómi wá, pé kò nílò eyín. Ní òpó 1128, ó ní òun ń gbààwẹ̀. Bàbá arúgbó kan ní kò sí ààwẹ̀ fún arìnrìn-àjò.

"Bàbá, mi ò rin ìrìn-àjò kankan. Ilé wa ló ń hàn lẹ́yìn igi yẹn."

"Jẹun ná," bàbá náà ní, "ká tó jiyàn."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya aṣọ rẹ̀ léjìká. Bó ṣe já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn, ó ti dé òpó 1131. Ìdajì wákàtí ti lọ, kò tíì rìn tó kìlómítà kan.

Lafta kì í sábà gba ẹ̀gbẹ́ òpó yẹn. Ojú ara rẹ̀ ń tì í. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ti ń pàgọ́ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ìyá Shinan ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Opó ni, láti Amara lọ́hùn-ún ló ti ń bá ọkọ̀ ẹlẹ́rù wá pẹ̀lú sítóòfù kan, ìkòkò kan àti atẹ́ dàbínù. Ó di Lafta lápá mú.

"Ọmọ mi, dúró."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè jẹun."

"Ta ló ní kó o jẹun? Dàbínù ni mo gbé lọ́wọ́. Mo fi Abb…"

"Màmá, ẹ má sọ ọ́!" Lafta fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. Ó rí i pé èyí le. Ó wá gbójú sókè sára òpó, ó sì na ìka.

"Ó dáa. Mi ò fi Abbasi bẹ̀ ọ́. Akọni yìí ni mo fi bẹ̀ ọ́, ọmọ yìí tó kú kí èmi àti ìwọ tó lè máa rìn níbí láìbẹ̀rù. Nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, jẹ ẹyọ kan."

Lafta náà gbójú sókè. Ojú tó wà lókè yẹn ti ń ṣá, ẹyẹ ti ṣu sí i léjìká.

"Màmá, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo wà lókè yẹn."

"Ọmọ òkè yẹn lẹ́wà."

"Ọdún mẹ́sàn-án ló ti kọjá, Màmá."

Ìyá Shinan ṣí fìlà lórí rẹ̀. Ó ní kó dúró sábẹ́ òpó, kó yíjú sọ́tùn-ún, kó yíjú sósì, kó má rẹ́rìn-ín. Ó rí àpá tó wà lójú ìpéǹpéjú òsì nínú àwòrán, ó sì rí i lójú ẹni tó wà nílẹ̀. Ó jókòó gbì sórí àpò ìrẹsì.

"Ọdún mẹ́fà," ó ní. "Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń bá ọ sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ inú rírun mi fún ọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó Shinan fún ọ, gbogbo ẹ̀, àní èyí tí mi ò lè sọ fún Shinan fúnra ẹ̀. Mo ní kó o bá mi dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run."

"Mi ò gbọ́, Màmá."

"Mo ti wá mọ̀. Abájọ tí ìyàwó Shinan ò fi yíwà padà."

"Ẹni tí ẹ fi bẹ̀ mí ti ní kí n má jẹ ẹ́," Lafta ní. Ó wá sọ ti orúnkún fún un, àti ti aago méjìlá, àti ti ọ̀pẹ mẹ́tàlélógójì.

Obìnrin náà gbọ́ ọ tán. Òun nìkan ni kò sọ pé ìrẹsì ni oògùn rẹ̀.

"Bó o ṣe ń lọ yìí, o ò ní dé. Ọwọ́ tó bá ṣófo lójú ọ̀nà yìí, wọ́n á fi nǹkan kún un ni. Gbé èyí." Ó tú aṣọ aláwọ̀ ewé tó so mọ́ ọrùn, ó wé e mọ́ Lafta lórí, ó sì gbé atẹ́ dàbínù lé e. "O ti di ìránṣẹ́ Huseni. Ìránṣẹ́ kì í jẹun títí tí àlejò á fi jẹ tán, àlejò ò sì ní í tán. Kò sí ẹni tó máa fi oúnjẹ lọ̀ ẹ́. Lọ."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Láti òpó 1132, àwọn tó ń na apá lójú títì ń ká apá wọn kò bó bá ti dé, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́. Ó rin ogún òpó láìdúró. Ohun tí Ìyá Shinan kò sọ ni pé atẹ́ ìránṣẹ́ kì í ṣófo. Bí dàbínù ṣe tán ní òpó 1160, kí Lafta tó lè sọ atẹ́ kalẹ̀, ọkùnrin kan ti da búrẹ́dì gbígbóná àti ẹran sùyà kún un. Lẹ́yìn búrẹ́dì, ẹyin sísè. Lẹ́yìn ẹyin, ẹran ewúrẹ́ sísun tí òórùn rẹ̀ ń ta sí i nímú láti orí. Oòrùn ti gun òkè. Ètè rẹ̀ ti gbẹ bí èèpo igi, ó sì ń ru omi tútù káàkiri fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́.

Ìránṣẹ́ tí kì í bẹ ènìyàn, wọ́n á fura sí i. Ní òpó 1190, bàbá kan bi í pé kí ló dé tó kàn ń rìn bí ẹni tó ń kó ẹrù lọ sílé. Lafta bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Ó kọ́kọ́ rọra bẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń dí ọ̀nà. Nígbà tó fi dé òpó 1250, ó ti fi Abbasi bẹ ọgbọ̀n ènìyàn, ó sì ti rí i pé ó dùn. Ẹni tó ń sá fún ìbúra ní àárọ̀ ti di ẹni tó ń fi í lé ènìyàn káàkiri kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí agbára ṣe ń ṣe ọmọ ènìyàn nìyẹn, àní kó jẹ́ agbára atẹ́ ẹyin.

Ní òpó 1302, ọkùnrin kan tó sanra, tó dé àkẹtẹ̀, tó mú ọ̀pá ìrìn dání, ń yára bọ̀. Ó ti gbé ọwọ́ sókè kí Lafta tó sọ̀rọ̀.

"Àbúrò, Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ti jẹun láti òwúrọ̀. Àwọn kan ń dúró dè mí."

"Wọ́n á dúró, ẹ̀gbọ́n. Ẹyin kan péré ni."

"Mi ò lè mí dáadáa mọ́."

"Ẹyin kì í ṣe oúnjẹ," Lafta ní. "Mo fi Abbasi bẹ̀ yín."

Ọkùnrin náà di ojú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Ó jókòó, ó jẹ ẹyin náà. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó jókòó. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni àwọn ará àgọ́ tó wà níbẹ̀ bò ó: ọ̀kan bọ́ bàtà rẹ̀ lọ láti lọ fi pólíìṣì dán an, ọ̀kan ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú abọ́ omi, ẹ̀kẹta gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹran lílọ̀ dé. Nígbà tí Lafta bojú wẹ̀yìn, ọwọ́ ọkùnrin náà nìkan ló hàn láàárín wọn, bí ọwọ́ ẹni tó ń rì sómi. Lafta rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́jọ́ náà.

Àgọ́ Sheikh Mutashar wà ní òpó 1390. Ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó ní àga onítìmùtìmù, ó sì ní aṣọ ńlá kan lókè tí orúkọ Huseni wà lórí rẹ̀ ní kékeré, tí ojú Sheikh sì gba ìyókù. Nígbà ogun, Sheikh kò rìn ju Baghdad lọ. Nígbà tí ogun tán, òun ló ń pín ìwé fún àwọn tó jà. Ọmọ àbúrò rẹ̀, Zaidun, ló jókòó níwájú àgọ́. Alùpùpù ló gbé e ṣubú nígbà tó ń fi í ṣe fáàrí níwájú ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin, orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀. Nínú ìwé, Baiji ló ti fara gbọgbẹ́. Gbogbo ìlú ló mọ̀.

"Ìránṣẹ́, gbé atẹ́ yẹn wá." Dàbínù tuntun ló wà nínú rẹ̀ lásìkò yẹn, wọ́n fi ẹ̀pà sínú rẹ̀. Zaidun mú ọ̀kan. "Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ jẹun. Iṣẹ́ abẹ ni mò ń lọ ṣe lọ́sàn-án, èmi ni nọ́ńbà kìn-ín-ní. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ló ń gbé mi lọ." Ó mú èkejì. "Àwọn tálákà ni wọ́n ń fi ìyẹn dẹ́rù bà."

Lafta la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó sì pa á dé. Láti àárọ̀, ó ti bẹ àwọn ènìyàn tí wọ́n pọ̀ ju àádọ́ta lọ kí wọ́n jẹun. Ẹni yìí nìkan ni kò bẹ̀. Ó kàn rẹ atẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, títí Zaidun fi mú ẹ̀kẹta.

Aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú nígbà tó wọ ọsibítù, atẹ́ lórí, orúnkún rẹ̀ ti wú tó orí ọmọ tuntun. Nahida rí i.

"Ta ló ní kó o gbé oúnjẹ wọ ibí? Ṣé orí ẹ pé?"

"Mi ò jẹ nínú ẹ̀. Ṣé ó ti pẹ́ jù?"

"Dókítà fúnra ẹ̀ ò tíì dé."

Aago mẹ́ta kọjá kó tó dé. Ó dé àkẹtẹ̀, ó mú ọ̀pá ìrìn dání, òróró ń dán ní irùngbọ̀n rẹ̀, bàtà rẹ̀ sì ń kọ mànà bíi dígí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n dán bàtà mi," ó ń ṣàlàyé fún Nahida. "Mo ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ mi, òṣìkà kan tó wé aṣọ aláwọ̀ ewé…" Ojú rẹ̀ bọ́ sára Lafta. "Ìwọ!"

Lafta dìde. Kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún dókítà tí ènìyàn ti fi ẹyin dá dúró fún wákàtí méjì. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, ẹ̀gbọ́n."

Nahida kò fún wọn láyè. Àsìkò kò tó fún ẹni mẹ́sàn-án mọ́. Bóyá ẹni méjì. Ó tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé, ó sì bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ohun tó wọ ẹnu wọn láti ìdájí. Gbogbo wọn ní àwọn kò jẹ nǹkan kan.

"Ó dáa," Nahida ní. "Ẹ fi Abbasi búra."

Ọ̀rọ̀ yí padà lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹni kejì ní òun kò jẹ, ọbẹ̀ lòun mu. Ẹni kẹta ní ẹja ni, ẹja kì í sì í ṣe ẹran. Ẹni kẹrin, bàbá olórí funfun kan tí àdó olóró ti gba ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ní ibi tí òun ti ń yán ni wọ́n ti fi ìrẹsì sí òun lẹ́nu. Ẹni karùn-ún, ẹni kẹfà àti ẹni keje ní ìránṣẹ́ kan tó ru atẹ́ ló fi Abbasi bẹ àwọn, kí làwọn ì bá ṣe? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú sí Lafta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni kẹjọ dá ara rẹ̀ láre pé kẹ̀bábù lòun jẹ, ó ti dà níkùn òun. Kò sì tíì dà.

"Ìwọ ńkọ́?" Nahida bi Zaidun.

"Èmi lè búra."

"Búra ká gbọ́."

Zaidun gbé ọwọ́ sókè. Ó wo àjà. Ó wo orúnkún rẹ̀, ó tún wo àjà. "Dàbínù mẹ́ta," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kékeré ni wọ́n."

Fóònù dún. Sheikh Mutashar ni. Nahida gbọ́ ọ títí, kò yí ohùn padà. "Ẹ kú ọlá, Sheikh. A máa ṣe é fún un. Ẹ kàn bá mi fi Abbasi búra pé tó bá kú sórí tábìlì, ẹ ò ní bi ẹnikẹ́ni." Sheikh pa fóònù. Nahida rọra gbé e sílẹ̀.

Ó wá kù sọ́dọ̀ Lafta. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì fi Abbasi búra pé oúnjẹ kò kan ahọ́n òun, omi kò kan ètè òun. Òótọ́ ni. Ìbúra náà kò bi í nípa ọ̀rọ̀ tó wá sí i lẹ́nu ní òpó 1390 tí kò sọ.

Àwọn mẹ́jọ tó kù padà sílé pẹ̀lú ikùn tó kún àti irin tó wà lára wọn. Bàbá olórí funfun náà di Lafta lọ́wọ́ mú nígbà tó ń jáde. Lafta rò pé èpè ló fẹ́ ṣẹ́. "Oúnjẹ ojú ọ̀nà dùn lọ́dún yìí," bàbá náà ní. "Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe é." Ìyẹn nìkan ni Lafta kò lè gbàgbé.

"Ọmọ yìí fi ebi rìn láàárín gbogbo iná yẹn," Dókítà Rafid ní, bó ṣe ń fọ ọwọ́. Ó gùnfẹ̀. "Èmi ò lè ṣe é. Ẹ gbé e wọlé."

Nígbà tí Lafta lajú, irin náà wà nínú ìgò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Ó ti fẹsẹ̀ rin òpó ọ̀ọ́dúnrún ó lé, ẹyin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú aṣọ.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, nígbà tí ìrìn Ogójì Ọjọ́ ku ọjọ́ mẹ́wàá, Lafta kó igbà rẹ̀ dání, ó lọ sí òpó 1131. Ó ti gun ọ̀pẹ mẹ́tàlélógójì náà tán lọ́sẹ̀ yẹn, kò sì ké sí ẹnikẹ́ni. Kò tún fẹ́ lọ bá ọ́fíìsì kankan mọ́. Ó fi igbà gba òpó náà mọ́ ara, orúnkún ọ̀tún tẹ̀, tòsì tẹ̀, ó sì ń gòkè bọ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ti na ọwọ́ kan wáyà tí wọ́n fi so àwòrán náà, nígbà tí ẹnì kan kígbe láti ìsàlẹ̀. Ìyá Shinan ló ń sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀.

"Kí lo ń ṣe lókè yẹn?"

"Màmá, mo fẹ́ sọ ara mi kalẹ̀."

"Ta ni mo máa wá bá sọ̀rọ̀? Ìyàwó Shinan ti lóyún!"

"Ẹ bá èmi sọ ọ́. Ṣebí mo wà láàyè."

"Ìwọ ò mọ ọ̀rọ̀ gbọ́. Ti òkè yẹn kì í dá mi lóhùn."

"Màmá, ọdún mẹ́wàá ni mo ti kú o."

"Lafta, mo fi Abbasi bẹ̀ ọ́."

Ó fi igbà rọ̀ sára òpó títí apá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Lẹ́yìn náà, ó tú ọwọ́ kúrò lára wáyà, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin náà ti dá iná. Nígbà tó yá, Lafta jókòó sábẹ́ ara rẹ̀, ó sì jẹ ìrẹsì àwo mẹ́ta.